Tapkeshwar ní Dehradun: ìyá mi fẹ́ rí ihò Shiva tó wà létí odò, orúnkún ń dùn wọ́n, kí la máa ṣe?

ỌmọLísàbi_DDN
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dehradun ni mo wà, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, lápá òkè Íńdíà lọ́hùn-ún, ọdún kẹta mi rèé tí mo ti ń kàwé níbí. Ìyá mi ń bọ̀ wá wò mí lóṣù kẹjọ, ọmọ ọdún 68 ni wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, torí lọ́jọ́ kan mo fi fídíò ojúbọ Shiva kan, òrìṣà ńlá àwọn Híńdù, ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, Tapkeshwar ni wọ́n ń pè é, inú ihò òkúta ló wà, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi á sì máa kán látòkè ihò yẹn sórí òkúta tí wọ́n ń bọ, tó, tó, tó, kì í dá. Àtìgbà yẹn ni ìyá mi ò jẹ́ kí n gbádùn, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn fẹ́ rí ju Taj Mahal lọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí, ìyá àgbà tó tọ́ wọn máa ń sọ fún wọn bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe wá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun ní nǹkan bí ọdún 1830, torí náà ọ̀rọ̀ òkúta tó gba èèyàn sínú, ọ̀rọ̀ ilé wọn ni.

Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti lọ síbẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo sáré gòkè, mi ò fojú àgbàlagbà wo àtẹ̀gùn yẹn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti mú òbí lọ kó bá mi dá sí i. Ọkọ̀ wo la máa wọ̀? Ṣé wọ́n máa gbà wọ́n láyè? Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n o, wọn ò ní bọ nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ fojú ara wọn rí i ni.

Ìyá_Ìbejì_Noida
Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Àmọ́ oṣù kẹjọ kọ́ o, jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Láti ìparí oṣù kẹfà títí dé àárín oṣù kẹsàn-án, òjò Dehradun kì í ṣeré, omi tó bá rọ̀ sórí òkè lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀, odò tí ẹ rí láàárọ̀ tó kàn ń rọra ṣàn láàárín òkúta wẹ́wẹ́ lè di nǹkan mìíràn kí ọ̀sán tó pọ́n. Odò yẹn, Tons lorúkọ ẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ tún ń pè é ní Tamsa. (Tons ńlá kan wà tó ń wọ odò Yamuna nítòsí Kalsi, ìyẹn yàtọ̀, kó o má lọ tẹ ìyẹn sí Google Maps.) Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 2025, odò yìí kún, ó ya wọ àgbàlá Tapkeshwar, omi gun ère ńlá Hanuman, òrìṣà wọn tó lójú ọ̀bọ, tó wà níbẹ̀. Omíyalé gidi ni. Èmi ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí mo rí fídíò yẹn mo jókòó sílẹ̀, torí mo mọ ibi tí mo dúró sí tí mo ti ń ya fọ́tò, omi ti bò ó mọ́lẹ̀.

Yàtọ̀ sí òjò, oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni Saawan wọn máa ń bọ́ sí, oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Shiva, tó bá wá di ọjọ́ Ajé inú oṣù yẹn, èrò á to láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè dúró lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni Shivaratri, ọdún Shiva, oṣù kejì tàbí ìkẹta ni ìyẹn máa ń bọ́ sí, ọjà àti àríyá ńlá ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ sún un sí oṣù kọkànlá. Òjò á ti lọ, otútù ò tíì le jù.

ỌmọLísàbi_DDN
Ẹ ṣé gan mà. A ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Màá pè wọ́n lálẹ́ òní.

Tádé_Kiri
Èmi ti lọ, kò le tó báyẹn jàre. Ẹ máa san owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa yá sílípáàsì, ẹ máa wá rìn wọ inú ihò yẹn, omi á dé yín ní orúnkún, ibì kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìṣàn-omi tó ń já látòkè. Ìyá yín máa gbádùn ẹ̀.

Bàbá_Alákọ̀wé
@Tádé_Kiri, ibòmíì lo lọ, àbúrò. Robber's Cave nìyẹn, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Guchhupani, lápá Anarwala. Odò ló ń gba inú ihò yẹn kọjá, ibi ìgbafẹ́ ni, wọn ò bọ Shiva níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi méjèèjì mú fúnra wọn, torí ihò àti omi ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìyá ẹni ọdún 68 tí orúnkún ń dùn ò gbọ́dọ̀ wọ Guchhupani o, òkúta ìsàlẹ̀ omi yẹn ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Tapkeshwar ní tiẹ̀, Garhi Cantt ló wà, ó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí Ghanta Ghar, ilé aago gíga tó wà láàárín ìlú. Orúkọ ẹ̀ gan-an, inú èdè Hindi ló ti wá, tapakna ni kí nǹkan máa kán. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Dronacharya gbé inú ihò yìí, òun ni olùkọ́ tó kọ́ àwọn ọmọ ọba ní ọfà títa nínú Mahabharata, ìtàn ńlá àtijọ́ àwọn Híńdù, òun àti Kripi ìyàwó ẹ̀ àti Ashwatthama ọmọ wọn. Wọn ò lówó, wọn ò ní màlúù. Ọmọ ń fẹ́ wàrà, ìyá ò rí fún un. Ọmọ yẹn bá ké pe Shiva, ni wàrà bá ń kán bọ́ láti ara òkúta òkè. Wọ́n ní ìgbà tó yá ló di omi, omi yẹn náà ló sì ń kán títí dòní. Sọ ìtàn yìí fún ìyá ẹ kí ẹ tó débẹ̀, torí bí èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, ojú tó máa fi wo ẹ̀kán omi yẹn máa yàtọ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo kàn wò ó, mo ní àjàlé ń jò.

Alhaja_Pune
Ẹ kú ìjíròrò. Mùsùlùmí ni mí, ìbòrí mi ni mo wọ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ sí mi. Àmọ́ mo fẹ́ sọ òótọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ojúbọ Híńdù ní Íńdíà ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọ̀. Jagannath ní Puri, wọn ò gbà. Guruvayur ní Kerala, wọn ò gbà. Torí náà níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo pátákó ẹnu ọ̀nà, bí ẹ ò bá lè kà á ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ bàtà, wọ́n máa sọ fún yín. Bí wọ́n bá ní ó ti tó, ẹ dúpẹ́, kí ẹ padà. Ilé onílé ni, ẹni tó ń lọ ilé onílé kì í fi tipátipá wọlé.

Nípa ti ẹ̀sìn: pandit, ìyẹn àlùfáà wọn, lè fẹ́ fi àmì pupa sí ìyá ẹ níwájú orí, ó sì lè fún wọn ní prasad, nǹkan dídùn díẹ̀ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà. Èmi ò gba méjèèjì. Mo pa ọwọ́ pọ̀ sáyà, mo tẹrí ba díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo mi orí, ó yé wọn, wọn ò bínú. Bí ìyá ẹ bá fẹ́ gba prasad, ìyẹn wà lọ́wọ́ wọn àti Ọlọ́run wọn, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi gbà á, kí wọ́n má gbà á tán kí wọ́n wá jù ú nù níwájú àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí, bó ṣe rí nílé wa náà ló rí níbí, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa ò ní ṣìnà níbẹ̀. Bákan náà ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, ìyá ẹ máa rí i pé àwọn èèyàn yìí mọ ìkíni.

Ọlọ́pàá_Ẹsẹ̀
Ohun kan tí ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu bà: ojú omi. Omi tí wọ́n ń dà sórí òkúta Shiva, ó ní ihò kan tó ń gbà jáde bíi gọ́tà kékeré. Wọn kì í fẹsẹ̀ dá a kọjá. Ẹ máa rí i pé àwọn èèyàn á yí òkúta yẹn ká títí dé ibẹ̀, wọ́n á wá padà gba ibi tí wọ́n gbà wá. Ìyá yín lè má bọ nǹkan kan o, àmọ́ kí wọ́n má fẹsẹ̀ dá ojú omi yẹn kọjá, ìyẹn ló máa ń dun àwọn onílé.

Bẹ́líìtì aláwọ àti pọ́ọ̀sì aláwọ náà, ẹ fi sílẹ̀ nílé bí ẹ bá lè fi sílẹ̀. Awọ màlúù ò dáa lójú wọn.

Bísí_tó_ń_rìn
Ọ̀bọ! Ẹ má gbàgbé ọ̀bọ. Ẹ má mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ẹ má mú nylon tó ń dún wàràwàrà dání. Gíláàsì ojú ìyá yín, ẹ so ó mọ́ wọn lọ́rùn.

Bàbá_tó_ń_bọ̀_láti_Ìlọrin
Èmi náà ti lé ní 60, orúnkún mi kan ò dáa, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, èémí ni gígòkè ń gbà. Àwọn èèyàn rò pé òkè ni wàhálà wà, rárá o. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọmọ dúró níwájú ìyá, kó má dúró lẹ́yìn wọn, kí ìyá fi ọwọ́ kan lé èjìká ọmọ, kí ọwọ́ kejì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, tí ẹ bá ń bọ̀ wá sókè ẹsẹ̀ tó dáa ni kó kọ́kọ́ gun. Dókítà eegun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ó sì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀.

Wàhálà kejì, bàtà. Ẹ máa bọ́ bàtà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù, omi ń jò, wàrà tí wọ́n ń dà náà ń ṣàn wá síbẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo ti ṣubú rí ní ojúbọ mìíràn létí odò, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìbọ̀sẹ̀ lásán ni mo wọ̀, mo rò pé mò ń gba ara mi lọ́wọ́ òtútù, ìbọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbé mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lo ọ̀pá. Ẹsẹ̀ lásán sàn ju ìbọ̀sẹ̀ tó tutù lọ. Ẹ mú táwẹ́lì kékeré dání tí wọ́n á fi nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó tún bàtà wọ̀, àgbàlagbà tó bá fi ẹsẹ̀ tútù gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ oṣù kọkànlá, ara á máa ro ó títí alẹ́.

Kí ẹ ra ọ̀pá. Ọ̀pá igi tó ní rọ́bà nídìí, ẹ má ra ti irin tó ń yọ̀.

Káyọ̀dé_KL
Malaysia ni mo wà ní tèmi, ẹni tó bá wà lápá ibí tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tiwa ni Batu Caves lẹ́bàá Kuala Lumpur, orúkọ odò Sungai Batu ni wọ́n fi pè é. Àtẹ̀gùn 272 ni, òkè ló ń lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn dé ihò ńlá yẹn, torí náà èmi ò ní mú ìyá tí orúnkún ń dùn débẹ̀, màá fi ère òrìṣà Murugan tó wà nísàlẹ̀ hàn wọ́n, ó ga tó mítà 42.7, a ó ra àgbọn mu, ó tán. Tapkeshwar tí ẹ̀ ń sọ yìí dà bí ẹni pé ó tẹ́ àgbà lọ́rùn jù ú lọ.

Ìyá_Ìbejì_Noida
Èyí tí Káyọ̀dé sọ yẹn rán mi létí Undavalli lẹ́bàá Vijayawada. Òkè odò Krishna ni, wọ́n gbẹ́ òkúta yẹn di ilé alájà mẹ́rin, ère òrìṣà Vishnu kan wà níbẹ̀ tó sùn gbalaja, wọ́n gbẹ́ ẹ látara òkúta kan ṣoṣo. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ìyẹn. Tapkeshwar, ihò tí Ọlọ́run dá ni, àwọn èèyàn kàn bá a níbẹ̀ ni.

Ṣọ́jà_Ọmọ_Ṣọ́jà
Garhi Cantt, ìyẹn Cantt yẹn, bárékè ni o. Àdúgbò àwọn ológun lẹ máa gbà kọjá kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ má na fóònù síta láti inú ọkọ̀ kí ẹ máa ya ẹnu ọ̀nà bárékè, ẹ má ya sọ́jà, kí ẹ má sì rò pé ẹ máa fi dúróònù ya odò látòkè. Àwọ̀ wa ò fara sin níbẹ̀, tí wọ́n bá dá yín dúró kí wọ́n bá ìwé lọ́wọ́ yín. Kí ìyá mú páṣípọ́ọ̀tù wọn àti físà dání, ìwọ náà mú ìwé ìgbélùú tí FRRO, ọ́fíìsì tó ń forúkọ àwọn àjèjì sílẹ̀, fún ẹ. Ẹ̀dà lásán ò tó. Nínú ihò gan-an, bí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ ki fóònù bọ àpò.

Ọkọ̀: Vikram ló wọ́pọ̀ ní Dehradun, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó tóbi ju kẹ̀kẹ́ Marúwá wa lọ, wọ́n máa ń há èèyàn mọ́nú ẹ̀. Fún ìyá ẹ, rárá. Ẹ pe takisí lórí áàpù tàbí kẹ ẹ háyà ọ́tò, kí ẹ sì bá dírẹ́bà sọ ọ́ pé kó dúró dè yín, torí láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ àbọ̀ kì í yá.

ỌmọLísàbi_DDN
Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù kọkànlá la wà yìí, a ti lọ, a ti bọ̀. Mo ṣèlérí pé màá jábọ̀.

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la kúrò nílé, ìkùukùu ṣì wà lójú ọ̀nà. Dírẹ́bà wa gbà láti dúró. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ bàtà bí Alhaja ṣe wí, ó wo ìyá mi, ó ní "Mata-ji, aaiye", ìyẹn ni pé ìyá, ẹ máa bọ̀, ó wá gbé àga tiẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi jókòó bọ́ bàtà.

Mo ṣe bí Bàbá Ìlọrin ṣe sọ, mo dúró níwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la sinmi kí a tó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, a bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ tó fi sárì aláwọ̀ ewé bora, òun náà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó wo ìyá mi, ó fọwọ́ lu orúnkún ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi náà fọwọ́ lu tiwọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń sọ Hindi, ọ̀kan ń sọ Ẹ̀gbá, mi ò tú nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dìde, wọ́n di ara wọn mú lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo ń gbé ọ̀pá.

Odò ti rọlẹ̀, omi ẹ̀ mọ́, ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ibi tí òkè ihò ti lọ sílẹ̀, ìyá mi gbàgbé láti tẹrí ba, gèlè wọn fi kan òkúta, ó rin gbìndìn. Wọn ò bínú, wọ́n fọwọ́ kan ibi tó tutù lára gèlè yẹn, wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

Omi yẹn kì í kán bí ó ṣe rí nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́, ó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan á kán, á dákẹ́, méjì á tẹ̀lé ara wọn, á tún dákẹ́. Ọmọkùnrin kan wà níwájú wa tó mú wàrà inú ọ̀rá, ó feyín ya igun ọ̀rá yẹn, ó rọra ń da á, gbogbo orí òkúta funfun báláú. A wá rí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ láti òkè sáàárín funfun yẹn, ibi tó bọ́ sí là, òkúta dúdú yọ níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́, wàrà tún pa dé. Òmíràn bọ́, ó tún là. Ìyá mi dúró títí wàrà yẹn fi ṣàn tán. Wọ́n ní kí n tún ìtàn Kripi yẹn sọ fún àwọn, mo sọ ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ìyá yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà rí nǹkan fi sẹ́nu lọ́jọ́ yẹn?"

Wọn ò gba àmì iwájú orí. Wọ́n gba prasad, ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní àwọn ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí àwọn tó jẹ ẹ́, kí n má bi àwọn ní nǹkan kan mọ́.

Àtúnṣe díẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn: táwẹ́lì méjì ni kẹ́ ẹ mú, ọ̀kan ò tó, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún orí. Àbọ̀ wa gba àkókò ju àlọ lọ, kí dírẹ́bà mọ̀. Ìyá mi ti padà sílé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, rọ́bà ìdí ẹ̀ ṣì dáa. Ẹni tó bá fẹ́ mú òbí lọ, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, màá gbé e wá bá yín.